Ọwọ́ Tí Ń Kun Àwòrán: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Òbí àti Olùkọ́ Ìlú Ara

      

Àwọn tí wọ́n rán mi ní iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí sọ ohun tí ó bí i fún mi láìfepobọyọ̀. Wọ́n ní àwọn òbí kan ń kùn pé àwọn ń san owó jẹ́lé-ó-sinmi, àwọn ń ra kréyọ̀nù, àwọn ń ra ìwé tí àwòrán kún inú rẹ̀, síbẹ̀ bí ọmọ bá dé lọ́sàn-án, bébà tí ìlà pupa àti ìlà aláwọ̀ ewé kún ní jágajàga ni yóò nà sí ìyá rẹ̀, nígbà tí ọmọ aládùúgbò tí ó wà ní ilé-ìwé mìíràn ti ń ka A, B, D bí omi, tí ó sì ti ń kọ ọ́. Wọ́n ní ẹnìkan tilẹ̀ bèèrè pé ṣé torí kí ọmọ òun lè di akunlé ni òun ṣe ń sanwó. Èsì mi rè é, n kò ní í fi í pamọ́ di ìparí: ọmọ tí ó ń kun àwòrán ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkọ, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń tò, ojú rẹ̀ ni ó ń kọ́, ẹnu rẹ̀ ni ó ń ṣí, ṣùgbọ́n bí àwa àgbà bá ṣe dúró tì í ni yóò sọ bóyá gbogbo èyí yóò so èso, tàbí yóò kàn di ọ̀nà láti mú kí ọmọ dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí agogo ilé-lílọ yóò fi lù.

Kí a tó dé ilé-ìwé rárá, ẹ jẹ́ kí a wo ilé. Ọmọ tí a bí ní ilẹ̀ yìí láyé àwọn ìyá wa kì í pẹ́ láyé kí àwọ̀ tó kan ara rẹ̀: osùn ni wọ́n fi ń pa á lára, tìróò ni wọ́n ń lé sí i lójú, aṣọ tí ìyá rẹ̀ fi pọ̀n ọ́n sì jẹ́ aláró tí ó ṣì ń rùn fún ìkòkò aró. Bí ó bá ti lè rìn, lékèélékèé ni olùkọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin náà ṣe é, èmi náà ṣe é: bí ọ̀wọ́ ẹyẹ funfun náà bá ń kọjá lọ lókè nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ a na ọwọ́ sókè, wọn a máa ju ìka, wọn a máa fi orin bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ta àwọn lọ́rẹ funfun, wọn a sì yẹ èékánná ara wọn wò láti mọ ẹni tí ó rí gbà. Agbe ni wọ́n fi mọ aró, àlùkò ni wọ́n fi mọ osùn, lékèélékèé ni wọ́n fi mọ ẹfun, kò sì sí ọmọ tí ó sọ pé ẹ̀kọ́ náà le. Ọmọ ilé-kéwú ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ kéwú sì ti tàn ní agbègbè Ẹdẹ tiwa yìí láti ayé Tìmì Habeeb Lágúnjú, ọba Ẹdẹ, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a gbé wàláà lé itan, a ti gègé bọ inú tàdáwà, a kọ ọ́, a kà á, a fọ̀ ọ́ nù, a tún un kọ. Ọmọbìnrin tí ó jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Òṣogbo, Òròkí ìlú aró, ń wo bí ìyẹ́ adìyẹ ṣe ń fa ẹ̀kọ láfún lọ sórí aṣọ funfun, ó sì mọ̀ kí ó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún pé ibi tí ẹ̀kọ bá bò kò ní í mu aró, ibi tí ẹ̀kọ kò bá dé ni aró yóò gbà. Ìmọ̀ tí ó pamọ́ sínú èyí, pé ohun tí a kò kùn jẹ́ apá kan àwòrán bákan náà, ọ̀pọ̀ àgbà tí ó lọ sí ilé-ìwé gíga kò ní i.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé àwọn òyìnbó ni wọ́n gbé àwọ̀ kíkùn wá fún ọmọ Yorùbá, páálí rẹ̀ ni ó rí, kò rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Páálí náà jẹ́ ti òyìnbó lóòótọ́: ní 1903 ni ilé-iṣẹ́ Binney and Smith ní Amẹ́ríkà gbé Crayola jáde, àwọ̀ 8 nínú páálí kan, ní sẹ́ǹtì márùn-ún, ìwé tí a ti ya ìlà àwòrán sí fún ọmọ láti kùn sì ti wà lórí àtẹ ní New York ṣáájú ìgbà náà. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun ní í sunkún aró, ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ní í sunkún èkejì tán-n-tán. Mo ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wá wo ọwọ́.

Egungun 8 ni ó wà ní ọrùn-ọwọ́ àgbàlagbà. Ní ọjọ́ tí a bí ọmọ, kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tí ó tíì di egungun gidi; ohun rírọ̀, irú èyí tí ó wà nínú etí wa yìí, ni gbogbo wọn. Méjì nínú wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í le kí ọmọ tó pé ọdún kan, àwọn yòókù a máa tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọdún ti ń gorí ọdún, èyí tí ó kẹ́yìn kì í sì í bẹ̀rẹ̀ sí í le títí ọmọ yóò fi tó nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi pẹ́ńsù lé ọmọ ọdún mẹ́ta lọ́wọ́, tí ẹ ń fi rúlà lù ú níka nítorí pé ‘a’ tí ó kọ kò rí roboto, egungun tí kò tíì sí níbẹ̀ ni ẹ ń nà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, àwọn àgbà sì ti wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ohun tí wọn kò sọ, torí pé wọn kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wo inú ara, ni pé ọwọ́ náà ṣì ń jẹ́ mímọ lọ́wọ́.

Bí ọwọ́ bá sì ti ń mọ, ó ní ìpele tí ó ń gbà, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò rí i. Ọmọ ọdún kan àbọ̀ a fi gbogbo ìkúùkù di kréyọ̀nù mú bí ẹni tí ó di ọmọ-odó, èjìká ni yóò sì máa fi yà á, ìdí nìyẹn tí ìlà rẹ̀ fi máa ń gun bébà kọjá dé orí ẹní. Láàrin ọdún méjì sí mẹ́ta, àwọn ìka a dojú kọ ilẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èjìká. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín a pàdé lára kréyọ̀nù, ṣùgbọ́n ọrùn-ọwọ́ ni ó ṣì ń gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kiri. Ó di ìgbà tí ọmọ bá ń lọ sí ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ìka mẹ́ta náà tó lè máa nà, kí wọ́n máa ká, kí wọ́n yí òbírí kékeré kan po láìjẹ́ pé ọwọ́ ṣí kúrò lórí bébà. Ibẹ̀ ni ìwé kíkọ wà. Kò sí ọ̀nà àbùjá dé ibẹ̀, díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ohun tí ó sì ń mú ọmọ rin ọ̀nà náà láìmọ̀ pé òun ń rìn ni pé ó ní nǹkan tí ó wù ú láti kùn.

Ẹ jókòó ti ọmọ ọdún mẹ́rin kan tí ó ń kun àwòrán adìyẹ, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ ṣáà máa wò ó. Ọwọ́ kan tẹ bébà mọ́lẹ̀, nítorí pé bí kò bá tẹ̀ ẹ́, bébà yóò máa sá fún un; bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ méjèèjì ń kọ́ láti pín iṣẹ́, tí ọ̀kan ń di nǹkan mú tí èkejì ń ṣe é, èyí tí yóò wúlò fún un lọ́la nígbà tí ó bá ń di bọ́tìnnì tàbí tí ó bá ń bẹ iṣu. Ó mú kréyọ̀nù pupa, ó tẹ̀ ẹ́ jù, ó kán. Ó wo èyí tí ó bọ́ sílẹ̀, ó mú kúkúté rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ahọ́n rẹ̀ yọ díẹ̀ ní igun ẹnu. Ó ń kun ìyẹ́ bọ̀ láti apá kan sí apá kejì, ọwọ́ rẹ̀ sì kọjá àárín gbùngbùn ara rẹ̀ láìpààrọ̀ ọwọ́, èyí tí ọmọ ọdún méjì kì í lè ṣe dáadáa. Ó dé ibi ẹsẹ̀ adìyẹ, ibẹ̀ tín-ín-rín. Ó dúró, ó dín agbára kù, ó wá fi ṣónṣó kréyọ̀nù kun ún wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kí ó dín agbára kù. Ojú ni ó rí i, ojú ni ó rán ọwọ́ níṣẹ́, ọwọ́ sì gbọ́.

Kréyọ̀nù tí ó kán yìí, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá ni ń torí rẹ̀ bá ọmọ jà pé ó ń fi owó ṣòfò. Àwọn oníṣègùn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títọ́jú ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́ ni, nítorí pé kúkúté kò ṣe é fi ìkúùkù dì mú, ìka ni ọmọ yóò fi mú un bó fẹ́ bó kọ̀. Wọ́n tún máa ń lẹ bébà mọ́ ara ògiri, kí ọmọ dìde dúró kùn ún, kí ọrùn-ọwọ́ lè tẹ̀ sẹ́yìn, kí èjìká sì lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ọmọ tí ó fi èédú ya ènìyàn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn sára ògiri ìyá àgbà ti ń fi irú ìwòsàn bẹ́ẹ̀ tọ́jú ara rẹ̀ láti ayébáyé, ẹgba sì ni ó ń jẹ lé e lórí. N kò ní kí ẹ fi ògiri pálọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà fún un. Ilé wo ni kò ní ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀kùn páànù wo ni kò ṣe é fi ẹfun kọ nǹkan sí?

Obìnrin oníṣègùn kan wà ní Ítálì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Maria Montessori, tí ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ àwọn mẹ̀kúnnù ní àdúgbò San Lorenzo ní ìlú Róòmù ní January 6, 1907. Ilé-ìwé púpọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí ni ó kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó ìta, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe kò pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń ṣe nínú kíláàsì. Kò bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkọ nípa sísọ fún ọmọ pé kó da lẹ́tà kọ ní ojú-ewé mẹ́wàá. Férémù irin ni ó fún un, tí a gé òbírí tàbí igun mẹ́ta sí láàrin. Ọmọ a fi pẹ́ńsù yí etí rẹ̀ ká, a gbé irin kúrò, a wá mú pẹ́ńsù aláwọ̀, a máa fa ìlà sínú àwòrán náà, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, títí àyè yóò fi kún. Lẹ́tà ní tirẹ̀, ó fi bébà ìfági gé e, kí ọmọ máa fi ìka tọ̀ ọ́ lọ. Nígbà tí ọwọ́ tí ó ti ń kun nǹkan pàdé ìka tí ó ti mọ ojú lẹ́tà, àwọn ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́rin sí márùn-ún lọ ń kọ̀wé lójijì, ó sì ya àwọn àgbà lẹ́nu bí ẹni pé wọ́n sọ ọ́ láti òkè. Òbí tí ó bá ń bínú pé àwọ̀ kíkùn gba àkókò ìwé kíkọ, ìwé kíkọ fúnra rẹ̀ ni ó ń bínú sí, kò kàn dá a mọ̀ ni nítorí pé ó wọ aṣọ pupa.

Ọwọ́ nìkan kọ́. Lev Vygotsky, ọ̀mọ̀wé ará Rọ́ṣíà tí ó kú ní 1934, ṣàkíyèsí ohun kan tí ìyá tí ó bá ní sùúrù lè rí nílé ara rẹ̀: ọmọ tí ó kéré jù a kọ́kọ́ ya nǹkan, lẹ́yìn tí ó bá yà á tán ni yóò tó wò ó tí yóò sọ pé ‘ajá ni’, bí ó bá dàgbà díẹ̀, àárín iṣẹ́ ni yóò ti sọ orúkọ rẹ̀, bí ó bá tún dàgbà sí i, kí ó tó fi ọwọ́ kan bébà ni yóò ti kéde pé ajá ni òun fẹ́ yà. Ẹ ro ó wò. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́yìn iṣẹ́ ti wá síwájú iṣẹ́, ó sì ti di èrò tí ń darí ọwọ́. Ọmọ tí ó ti lè pinnu ohun tí ó fẹ́ ṣe kí ó tó ṣe é, tí ó sì lè jókòó tì í títí yóò fi parí, ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà ń gbàdúrà fún ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í dá wá, ẹnìkan ni í fà á jáde. Ẹ gbọ́ ìyá àgbà kan pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀:

‘Àjàní ọkọ mi, kí ni ò ń kùn níbẹ̀ yẹn?’

‘Àkùkọ ni, ìyá àgbà.’

‘Àkùkọ wo ni ìrù rẹ̀ ní àwọ̀ ewé báyìí?’

‘Ẹ̀fọ́ yín ni ó jẹ.’

Ìyá àgbà kò mọ ìwé, kò sì gbọ́ orúkọ Vygotsky rí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó bèèrè láìfi ṣe ìbáwí mú kí ọmọ wá ìdí, kí ó so ohun tí ó rí lánàá pọ̀ mọ́ ohun tí ó ń ṣe lónìí, kí ó sì gbé e kalẹ̀ ní gbólóhùn kan tí ó dúró ṣánṣán. Bí ó bá jẹ́ pé ó sọ pé ‘o ti bà á jẹ́, ìrù àkùkọ kì í rí báyìí’, ọ̀rọ̀ ìbá tán síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìyẹ, ìrù àkùkọ mìíràn a máa kọ àwọ̀ ewé nínú oòrùn, ọmọ náà lè ti wò ó ju gbogbo wa lọ.

Èdè abínibí ni kí ẹ fi bi ọmọ ní ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ gbogbo láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, lọ sí ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi lónìí, orúkọ àwọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wàá gbọ́ tí àwọn ọmọ ń ké bí orin, ọmọ tí ó sì sọ pé àwọ̀ ìyeyè, tí ó sì tọ́ka sí ìyeyè gan-an, ni wọn yóò ní kò mọ̀ ọ́n.

N kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àwọ̀ sọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Àwọn kan máa ń wo àwòrán ọmọ bí ẹni wo ọpọ́n Ifá, wọn a ní ọmọ tí ó fi dúdú kun gbogbo bébà ní ìbànújẹ́ lọ́kàn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé dúdú nìkan ni ó kù nínú páálí.

Mo wá dé ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé fúnra wọn ti ń bá ara wọn jà, n kò sì ní í fò ó. Viktor Lowenfeld, ará Austria tí ó sá fún Hitler lọ sí Amẹ́ríkà, tí ó kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní Hampton ní Virginia, tẹ ìwé ńlá kan jáde ní 1947 lórí àwòrán ọmọdé, ó sì dojú ìjà kọ ìwé tí a ti ya ìlà sí tán. Èrò tirẹ̀ ni pé ọmọ tí a ń gbé ajá tí àgbà yà fún ní ojoojúmọ́ yóò gbà pé ajá tirẹ̀ kò tó ajá, bí a bá sì ní kí ó ya ajá lọ́la, yóò ní òun kò mọ̀ ọ́n yà. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ dé ìdajì ọ̀nà. Ìlà tí a ti yà tán kọ́ ọwọ́ ní ìkóra-ẹni-níjàánu, bí irin Montessori ti ṣe. Ohun tí kò lè kọ́ ọmọ ni ohun tí yóò yà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí mo bá jẹ́ tíṣà ní Ara, bébà aláìnílà ni n óò máa fún wọn lọ́pọ̀ ọjọ́, n óò sì mú èyí tí ó nílà wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni fi iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Ohun tí ó tún ń bí mi nínú ju ìlà lọ ni ohun tí wọ́n fi ìlà náà yà. Ọmọ tí kò rí yìnyín rí, tí ó bá jẹ àpù rárá, ọjọ́ tí bàbá dé láti Èkó ni, ni wọ́n ń fún ní àpù àti ènìyàn oníyìnyín láti kùn. Kí ni yóò fi mọ̀ bóyá ó ṣe é bó ti yẹ? Agbègbè Ẹdẹ, ìlú Tìmì Agbálé Ọlọ́fà-iná, níbi tí Tìmì Láoyè tí ó jọba láti 1946 dé 1975 ti fi ìlù dùndún di ẹni tí ayé mọ̀, kò yẹ kí ó jẹ́ ibi tí ọmọ kò tíì kun ìyáàlù pẹ̀lú ṣaworo rẹ̀ rí. Tíṣà tí ó bá lè ya igbá, orógùn, ọpọ́n ayò, ewúrẹ́ àti igi ọ̀pẹ sórí bébà kan, tí ó sì lè sanwó ẹ̀rọ ìdàwékọ, ti ní ìwé àwòrán tirẹ̀.

Ẹ kò tilẹ̀ ní láti lọ jìnnà kí ẹ tó rí ohun tí bébà aláìnílà lè ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, òyìnbó méjì, Ulli Beier àti Susanne Wenger, ẹni tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, gbé ní Ẹdẹ, níbi tí Ajàgẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, ti mú Wenger wọ inú ìmọ̀ òrìṣà, kí wọ́n tó kọjá sí Ìlobùú àti Òṣogbo. Ní Òṣogbo náà, lẹ́yìn tí Dúró Ládípọ̀ òṣèré ti dá ilé àṣà Mbari Mbayo sílẹ̀ ní 1962, Beier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ òṣèré àti onílù tí kò ka ìwé jìnnà, wọ́n fún wọn ní ọ̀dà àti ohun tí wọn yóò kùn. Georgina Beier tí ó darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti 1964 kò sì gbé àwòrán kankan ka iwájú wọn pé kí wọ́n dà á kọ. Láti ibẹ̀ ni Múráínà Oyèlámì ti jáde, àti Jímọ̀ Bùráímọ̀ tí ó fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ọ̀dà, àti Twins Seven-Seven tí ó jẹ́ oníjó kí ó tó di ayàwòrán, tí UNESCO sì fi oyè dá lọ́lá ní 2005. Ṣáájú wọn, Aina Onabolu ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ti fi ìwé àti àwòrán tí ó rí kọ́ ara rẹ̀ láti kékeré, ó sì bá ìjọba òyìnbó fà á títí wọ́n fi gbà pé kí a kọ́ ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ ọnà nílé-ìwé, tí wọ́n fi mú Kenneth Murray wá láti kọ́ wọn ní 1927. Èmi kò sọ pé ọmọ yín yóò di Twins Seven-Seven. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn yóò di àgbẹ̀, akọ̀wé, nọ́ọ̀sì, mẹkáníìkì, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí tí kò gba ọwọ́ tí ojú lè rán níṣẹ́.

Ó ku ohun díẹ̀ tí n óò sọ ní ṣókí, torí pé oòrùn ti ń yí.

Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ òsì mú kréyọ̀nù, ẹ fi í sílẹ̀. Mo mọ àṣà wa, mo mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, a kì í sì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ẹ kọ́ ọ ní èyí, kí ó mọ̀ ọ́n, kí ó máa fi ọ̀tún kí ènìyàn kí ó sì máa fi ọ̀tún jẹun. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ọpọlọ yàn fún iṣẹ́ kíkùn, bí a bá fi ẹgba pààrọ̀ rẹ̀, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ lọ́ra, tí ìwé kò sì wù, ni a óò rí.

Ọmọ tí ó bá ń fi imú kan bébà kí ó tó lè kùn ún, tàbí tí ó ń fi pupa kun ewé léraléra, tí ó sì ń búra pé àwọ̀ ewé ni, ẹ má nà án. Ẹ mú un lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú. Àwọ̀ kíkùn ni ó máa ń tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fura.

Ẹni tí kò lówó kréyọ̀nù kò tíì pàdánù. Èédú wà ní ìdí ààrò, ẹfun àti osùn wà lọ́jà, ewé wà tí a lè fún, àtalẹ̀ pupa sì ń kun nǹkan bí ìyeyè. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi fún ọmọ ni dúdú inú bátìrì, irú èyí tí àwa ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ máa ń gún pẹ̀lú ewé láti fi kun pátákó ìkọ̀wé, májèlé ni. Ẹ má sì fi tìróò fún un, ẹ má tilẹ̀ lé e sójú ọmọ ọwọ́ mọ́, nítorí pé òjé wà nínú rẹ̀: ní 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣègùn rí òjé tí ó ju bó ti yẹ lọ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí wọ́n ń lé tìróò tí ó ti Nàìjíríà wá sí lójú.

Ní ti bébà, àwọn ilé ìtẹ̀wé ní Ẹdẹ àti Òṣogbo ń gé etí ìwé dànù lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá lọ bẹ̀ wọ́n kò ní í bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yìn bébà ni kí ẹ kọ orúkọ ọmọ àti ọjọ́ sí, ẹ má ṣe kọ ọ́ lé àwòrán lórí, ẹ má sì fi gègé pupa sàmì sí i. Lábẹ́ orúkọ náà, ẹ kọ ohun tí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kùn, bó ti wù kí ó pani lẹ́rìn-ín tó. Ẹ kó wọn pa mọ́ sínú fáìlì, kí òbí tí ó bá wá bèèrè ní ìparí ọdún ohun tí òun ń sanwó lé lórí lè tẹ́ ti oṣù September àti ti oṣù July sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ó sì fúnra rẹ̀ wo ọwọ́ méjèèjì.